Ajá mi ń họra tọ̀sán-tòru, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Bóbì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ Bóbì, ajá mi ọmọ ọdún méjì, ni mo gbé wá síbí. Ara ń yún un débi pé kì í sùn, èmi náà kì í sùn. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ló máa ń lá jù, irun ibẹ̀ tó funfun tẹ́lẹ̀ ti di pupa rúsúrúsú. Ó ń fi ojú nu àga, ó ń gbọn etí, abíyá rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ sì pọ́n. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kò sí egbò kankan lára rẹ̀, yíyún lásán ni. Ní báyìí ara rẹ̀ ti ń rùn. Bí mo bá wẹ̀ ẹ́ lónìí, òórùn náà á ti padà kó tó di ọ̀túnla.

Mo ti pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀ lóríṣiríṣi, kò yí padà. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ kan tó mú kó sinmi, àmọ́ nígbà tí agbára abẹ́rẹ́ náà tán, yíyún náà tún dé. Ẹnìkan ní àlẹ́jì ni, ẹlòmíràn ní kúrúnà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ajá tirẹ̀ ti ṣe báyìí rí, kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe?

Àkànní Alájá

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Bóbì. Oúnjẹ ni. Adìẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ohun tó ń jẹ. Ohun tó ṣe ajá ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, nígbà tí wọ́n yọ adìẹ ni ara rẹ̀ balẹ̀.

Adérójú

Ó lè jẹ́ oúnjẹ, ó lè má jẹ́ oúnjẹ. Ẹ jẹ́ ká bi Ìyá Bóbì léèrè ná. Ṣé ẹran ọ̀sìn mìíràn wà nínú ilé? Ṣé ara ń yún ẹ̀yin náà? Ìdí ìrù rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Etí tó ń gbọ̀n, ṣé inú rẹ̀ ló pọ́n ni àbí bèbè rẹ̀? Ìgbà wo lẹ lo oògùn kòkòrò ara fún un kẹ́yìn?

Ìyá Bóbì

Ológbò kan wà nílé, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ara kò yún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ̀yìn Bóbì àti ìdí ìrù rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Inú etí ló pọ́n, bèbè rẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti lo oògùn kòkòrò fún un, torí mi ò rí eégbọn kankan lára rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ Ẹranko

Ilé ìtọ́jú ẹranko ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹjọ́ ara yíyún sì wà lára ohun tí àwọn alájá ń gbé wá jù. Ẹ jẹ́ ká fi í sọ́kàn pé yíyún kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀, àmì àìsàn ni. Ohun tó ń fà á pọ̀, méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn sì lè pàdé lára ajá kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi máa ń tọ́jú ọ̀kan, tí ajá ò ní yé họra, tí yóò sì rò pé ìtọ́jú náà kò ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́, èyí tó kù ló ṣì ń yún un.

Nítorí náà a máa ń tò ó tẹ̀léra. Kòkòrò ara ló ṣáájú, àkóràn awọ tẹ̀lé e, oúnjẹ tẹ̀lé ìyẹn, kó tó wá kan àlẹ́jì eruku àti ohun tó ń fẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fo èyí tó ṣáájú kò ní mọ ohun tó lè rí dì mú nínú èyí tó tẹ̀lé e.

Ìyá Bóbì, pé ẹ ò rí kòkòrò kò túmọ̀ sí pé kò sí. Eégbọn rọrùn láti rí torí pé ó máa ń so mọ́ ara ni. Flea ni mò ń sọ, kòkòrò tíntín aláwọ̀ ilẹ̀ tó máa ń fò, tó sì ń sá wọ inú irun. Ajá tó bá ní àlẹ́jì rẹ̀, itọ́ ẹnu flea náà ni ara rẹ̀ ń kọ̀, ìbùjẹ díẹ̀ péré sì ti tó láti mú un họra fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ajá tó ń lá ara rẹ̀ ṣáá lè ti gbé wọn mì kí ẹ tó rí ẹyọ kan. Ẹ fi ìyàrun tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra ya irun ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ gbọn ohun tó bá bọ́ sórí bébà funfun tí ẹ rin díẹ̀. Bí èérún dúdú tó bọ́ síbẹ̀ bá ń tú àwọ̀ pupa jáde, ìgbẹ́ flea ni, ẹ̀jẹ̀ tó mu ló wà nínú rẹ̀.

Ìdí ìrù, ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ àti itan ni flea máa ń dà láàmú jù. Ti Bóbì kò jọ ọ́. Síbẹ̀ ẹ lo oògùn rẹ̀ déédéé, ó kéré tán oṣù 3 láìfò, fún ajá àti ológbò pọ̀. Ẹyin flea kì í dúró lára ẹran, orí ilẹ̀ àti ibùsùn ló ń bọ́ sí, ọmọ tó bá sì ti inú ẹyin náà jáde, bó bá ti wé ara rẹ̀ pọ̀ nínú ìtẹ́, lè dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó di flea tó jáde. Ẹ ṣọ́ra o: oògùn ajá tó ní permethrin nínú ń pa ológbò. Ẹ má fi sí ológbò lára, ẹ má sì jẹ́ kó fara nu ajá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí lára.

Bàbá Líńkì

Ti wa, kúrúnà gidi ni. Bèbè etí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó dé ìgbọ̀nwọ́, ó dé orúnkún ẹ̀yìn, èépá sì bo gbogbo rẹ̀. Láìpẹ́ nǹkan wínníwínní yọ sí apá àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti máa ń gbé ajá náà, ibẹ̀ la ti fura. Dókítà ha awọ rẹ̀ wò lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, kò rí kòkòrò náà, ó ní kò rí i kò túmọ̀ sí pé kò sí níbẹ̀, ó sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tó rí i. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ.

Nǹkan kan wà tó fi hàn wá. Ó fi ìka méjì fún bèbè etí ajá náà, ó ń rà á, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ afẹ́fẹ́. Ó ní kì í ṣe ẹ̀rí, ìtọ́ka lásán ni. Ìyá Bóbì, pẹ̀lú bí bèbè etí Bóbì ṣe mọ́, tí ara ò sì yún ẹnikẹ́ni nínú yín, mi ò rò pé èyí ni.

Gbénró

Ọ̀rọ̀ yìí ti gùn jù. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù ni kí ẹ fi pa gbogbo ara rẹ̀, gbogbo kòkòrò á kú.

Adérójú

Gbénró, mo bẹ̀ yín, ẹ má tún sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ajá máa ń lá ara rẹ̀. Ohun tí ẹ bá fi pa á, inú rẹ̀ ló ń lọ. Ọ́ìlì àlòkù ní irin olóró nínú, ó ń jó awọ, bó bá sì gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa á. Kẹrosíìnì bẹ́ẹ̀ náà ni. Omi tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun bẹ́ẹ̀ náà ni. Òróró tea tree tí àwọn kan ń pè ní oògùn ewé, májèlé ni fún ajá bí wọn kò bá fi nǹkan mìíràn là á. Awọ Bóbì ti pọ́n tẹ́lẹ̀, ṣé ẹ fẹ́ kó tún gba oró kún un ni?

Gbénró

Mo gbọ́, mo dúpẹ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní ilé wa ni mo sọ.

Ọ̀rẹ́ Ẹranko

Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Bàbá Líńkì. Àwọn oògùn oníhóró bí afoxolaner, fluralaner àti sarolaner tó ń pa flea àti eégbọn máa ń pa kòkòrò kúrúnà náà, torí náà ẹni tó bá ń lò wọ́n lọ́nà tó tọ́ ti bá méjèèjì wí. Lọ́dún 2018, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé irú oògùn yìí lè fa gìrì fún àwọn ajá kan, nítorí náà bí ajá yín bá ti ní gìrì rí, ẹ sọ fún dókítà kó tó kọ ọ́. Ivermectin, oògùn kòkòrò mìíràn, ńkọ́? Ẹ má ra èyí tí wọ́n ṣe fún màlúù kí ẹ máa fi ojú wọn ọ́n fún ajá. Àwọn ajá irú Collie àti àwọn ìbátan wọn máa ń ní àbùkù kan nínú àbùdá wọn tó ń jẹ́ kí ivermectin wọ ọpọlọ wọn, ìwọ̀n tí ajá mìíràn fara dà lè pa wọ́n.

Òórùn tí Ìyá Bóbì sọ ló jẹ mí lọ́kàn jù lọ. Ajá tó ń rùn, tí ara rẹ̀ ń ṣe bí ẹni fi òróró pa á, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń pọ́n láàárín ọmọ ìka, àkóràn ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Bakitéríà lè fà á, ó sì lè jẹ́ Malassezia, ẹ̀yà yíìsì kan tó máa ń gbé lára ajá tẹ́lẹ̀, tó wá pọ̀ sí i nígbà tí awọ ṣàárẹ̀. Àkóràn fúnra rẹ̀ ń yún, ó sì lè yún ju àlẹ́jì tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Dókítà yóò lẹ téèpù mọ́ awọ rẹ̀, yóò pa á láró, yóò wò ó lábẹ́ awò. Àyẹ̀wò náà kì í pẹ́, ó sì ń sọ ohun tó wà níbẹ̀ gan-an, kí ẹ má bàa máa fún yíìsì ní oògùn bakitéríà.

Ṣadé K.

Ọṣẹ tó ní chlorhexidine, oògùn tó ń pa bakitéríà àti yíìsì, ni wọ́n ní kí n máa fi wẹ tèmi. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe ni pé wọn kì í jẹ́ kó dúró lára. Bí ẹ bá ti fi ọṣẹ náà hó o tán, ẹ jẹ́ kó wà lára rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó ṣàn án kúrò. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kì í ṣe omi gbígbóná, torí omi gbígbóná ń dá kún yíyún. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀, torí ibẹ̀ ló burú jù, bí mo bá sì fi dé orí, ẹsẹ̀ ti gba àkókò tirẹ̀. Ẹ nu àárín ọmọ ìka rẹ̀ gbẹ dáadáa, yíìsì fẹ́ràn ibi tútù.

Ìyá Bóbì

Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kí n wẹ̀ ẹ́ báyìí kí n tó gbé e lọ?

Ọ̀rẹ́ Ẹranko

Bí ọjọ́ tí ẹ máa rí dókítà bá ti sún mọ́lé, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wẹ̀ ẹ́, ẹ ti fọ ohun tó fẹ́ fi téèpù mú dànù. Ẹ má sì kán nǹkan kan sí i létí. Dókítà gbọ́dọ̀ wo inú etí náà kó rí i pé ìlù etí rẹ̀ kò lu, torí àwọn oògùn etí kan wà tó lè sọ ajá di adití bó bá gba ibẹ̀ kọjá. Igi olówùú náà, ẹ má tì í bọ inú etí, ìdọ̀tí ló ń tì wọlé.

Àkànní Alájá

Mo ṣì dúró lórí oúnjẹ. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí dára, ṣùgbọ́n mo fi ojú mi rí ajá tí adìẹ ń dà láàmú.

Adérójú

Àkànní, kò sẹ́ni tó ní irọ́ lẹ pa. Ẹran màlúù, wàrà, adìẹ àti àlìkámà wà lára ohun tí ara ajá máa ń kọ̀ jù. Ohun tí mo ń bá jà ni bí a ṣe ń dán an wò. Ìyá Bóbì ti pààrọ̀ oúnjẹ lóríṣiríṣi. Bí oúnjẹ tuntun bá tún ní adìẹ díẹ̀ nínú, tàbí ọ̀rá adìẹ, kí la ti dán wò? Ọ̀pọ̀ oúnjẹ alápò tí wọ́n kọ ẹran mìíràn sí lára máa ń ní ju èyí tí wọ́n kọ lọ.

Ìdánwò gidi le. Ẹ ó mú oúnjẹ tí orísun purotéènì rẹ̀ jẹ́ èyí tí ajá náà kò tíì jẹ rí, tàbí èyí tí wọ́n ti fọ́ purotéènì rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ débi tí ara kò fi ní dá a mọ̀, ohun tí dókítà ẹran ń kọ fún èèyàn. Ìyẹn nìkan ni yóò máa jẹ fún ọ̀sẹ̀ 8 ó kéré tán. Kò sí ẹ̀bùn, kò sí egungun, kò sí ìyókù àwo ológbò, kò sí oògùn tí wọ́n fi adùn ẹran sí. Kí àwọn ọmọ ilé mọ̀, kí àlejò mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ óò dá oúnjẹ àtijọ́ padà. Bí yíyún bá padà, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀ 2, tó sì tún lọ nígbà tí ẹ yọ ọ́, ọwọ́ yín ti bà á. Ẹ̀rù máa ń ba èèyàn láti dá a padà, mo mọ̀, àmọ́ láìṣe bẹ́ẹ̀ a ò lè mọ̀ bóyá oúnjẹ ló ṣe é tàbí ojú ọjọ́ tó yí padà.

Àwọn tó ń ta àyẹ̀wò irun àti itọ́ ajá, tí wọ́n ní yóò sọ oúnjẹ tí ara rẹ̀ kọ̀, ẹ fi owó yín pamọ́. Kò ṣeé gbára lé. Ti ẹ̀jẹ̀ náà kò ṣeé gbára lé fún oúnjẹ.

Àkànní Alájá

Ó yé mi. Wọn ò dá a padà wò ní ti ẹ̀gbọ́n mi. Màá sọ fún wọn.

Délé

Àbúrò yín nìyí. Mo fẹ́ béèrè nípa abẹ́rẹ́ tí Ìyá Bóbì sọ. Ṣé stẹ́rọ́ìdì kọ́ nìyẹn? Wọ́n ní ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, mo ti búra pé ajá mi ò ní lò ó láéláé.

Ọ̀rẹ́ Ẹranko

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun, kí Ìyá Bóbì béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gún un. Délé, mi ò bá yín lọ dé orí "láéláé". Prednisolone, ọ̀kan lára àwọn stẹ́rọ́ìdì, lè gba ajá tó ń họra débi pé ó ń ya ara rẹ̀ sílẹ̀, bí a bá lò ó fún ọjọ́ díẹ̀. Èyí tó burú ni kó di ohun tí à ń fún un lóṣooṣù láìwádìí ohun tó ń yún un. Òǹgbẹ á máa gbẹ ẹ́, á máa tọ̀ púpọ̀, ebi á máa pa á, àkóràn á tètè mú un. Bó bá sì ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má dá a dúró lójijì, ńṣe ni dókítà ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ oògùn ara ríro, ó lè dá egbò sí i nínú.

Bí kòkòrò, àkóràn àti oúnjẹ bá ti jáde kúrò níbẹ̀ tí Bóbì ṣì ń họra, àlẹ́jì eruku, lẹ́búlẹ́bú òdòdó àti kòkòrò àìfojúrí inú tìmùtìmù ló kù. Lóòótọ́, bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ jọ ọ́. Láàárín oṣù 6 sí ọdún 3 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, yíyún máa ń ṣáájú egbò, ẹsẹ̀ iwájú, ojú, inú etí, abíyá àti ikùn ló ń mú. Kò sí àyẹ̀wò kan ṣoṣo tó ń sọ pé òun ni, àfi kí a yọ àwọn yòókù kúrò. Kì í lọ pátápátá. Mo sọ ọ́ gbangba torí àwọn tó ń ṣèlérí ìwòsàn pátápátá ló ń gba owó àwọn tó ti rẹ̀. A máa ń ṣàkóso rẹ̀ ni, ajá sì lè gbé ayé tó tura.

Oclacitinib, hóró tí FDA fọwọ́ sí lọ́dún 2013, ń dá yíyún dúró kíákíá, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọjọ́ kan. A kì í fún ajá tí kò tíì pé oṣù 12, a kì í sì fún èyí tí àkóràn líle wà lára rẹ̀. Lokivetmab, abẹ́rẹ́ ni. Ó ń mú ohun tó ń gbé ìròyìn yíyún lọ sí iṣan ìmọ̀lára, ohun tí wọ́n ń pè ní IL-31, agbára rẹ̀ sì ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 8. Ciclosporin dára, àmọ́ ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó jẹ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ajá tó ṣì kéré ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú ara mọ́ ohun tó ń kọ̀ díẹ̀díẹ̀. Fún irú èyí ni àyẹ̀wò awọ tàbí ẹ̀jẹ̀ wúlò, láti mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe é. Ó lè gba tó ọdún kan kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó bá a mu. Oògùn àlẹ́jì tí èèyàn ń lò kì í sábà ran ajá lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n sì pò mọ́ oògùn ọ̀fìnkìn, bí èyí tó ní pseudoephedrine, lè pa á.

Ṣadé K.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ nílé: mo máa ń fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀ bó bá ti ìta dé, mo ń fọ aṣọ ibùsùn rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú omi tó gbóná tó 60°C. Epo ẹja tó ní omega-3 náà wà níbẹ̀, àmọ́ ó tó oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó hàn lára awọ, ẹ má retí rẹ̀ lọ́la. Mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lálaalẹ́, mo ń fún yíyún ní máàkì láti 0 dé 10, 0 ni ajá tí kò họra rárá, 10 ni èyí tí kò lè jẹun tàbí sùn nítorí rẹ̀. Mo ń kọ ohun tó jẹ, ibi tó lọ àti ojú ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Dókítà rí i nínú ìwé náà pé àsìkò kan lọ́dún ló máa ń le, èmi ò bá ti gbàgbé.

Ìyá Bóbì

Mo ti dé ọ̀dọ̀ dókítà. Yíìsì ló rí lórí téèpù, ẹsẹ̀ àti etí méjèèjì. Ìlù etí rẹ̀ dá. Ó fún wa ní oògùn etí, ọṣẹ oògùn tí a máa fi wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, oògùn kòkòrò fún òun àti ológbò. Abẹ́rẹ́ àtijọ́ yẹn, stẹ́rọ́ìdì ni lóòótọ́. Ó ní ká mú àkóràn yìí kúrò ná, ká tó mọ iye yíyún tó kù, lẹ́yìn náà ni ìdánwò oúnjẹ yóò bẹ̀rẹ̀. Mo ti ń fún un ní máàkì lálaalẹ́. Ó gbé kọ́là fífẹ̀ sí i lọ́rùn kó má bàa lá ẹsẹ̀ rẹ̀, Bóbì sì ń sunkún. Ṣé mo lè bọ́ ọ?

Ọ̀rẹ́ Ẹranko

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó. Ẹ bọ́ ọ nígbà tí ẹ bá jókòó tì í, tí ojú yín wà lára rẹ̀, àti nígbà tó bá ń jẹun. Bí ẹ bá ń lọ sùn, ẹ dá a padà, torí òru ló ń lá a jù. Kọ́là tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ iwájú pẹ̀lú rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ajá ló ń bá a. Etí ni kí ẹ fiyè sí: yóò jáwọ́ nínú gbígbọ̀n etí kí yíìsì tó tán níbẹ̀. Ẹ gbé e padà kí wọ́n tún wo inú rẹ̀ kí ẹ tó dá oògùn náà dúró. Bí ojú tàbí imú rẹ̀ bá wú lójijì nígbàkígbà, tàbí tí èémí rẹ̀ yí padà, ẹ má kọ ọ́ síbí, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Bóbì

Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Alẹ́ àná, 6 ni mo fún un, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ síbí ìbá jẹ́ 9. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ti oúnjẹ, màá kọ bó ṣe ń lọ síbí. Àkànní, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín irú oúnjẹ tí wọ́n fi rọ́pò adìẹ, mo fẹ́ fi han dókítà.